Ṣé Ènìyàn Lè Pe Orílẹ̀-èdè Rẹ̀ Lẹ́jọ́?

  Ọ̀rọ̀ tí a bá yín sọ lórí rédíò ni ẹ tún rí níbí yìí, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ dáadáa lè fi ojú ara rẹ̀ kà á.

Ìbéèrè ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí aládùúgbò rẹ bá gba ilẹ̀ rẹ, o mọ ibi tí o ó gbé ẹjọ́ náà lọ. O ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Bí baálẹ̀ kò bá lè parí rẹ̀, o ó lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìjọba gan-an ni ó ṣẹ̀ ọ́ ńkọ́? Bí o bá sá tọ adájọ́ lọ, tí adájọ́ tún dá ọ padà sọ́wọ́ ẹni tí o sá fún, ta ni o ó lọ bá?

Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀, a sì mọ ọjọ́ àti ọdún rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hadijatou Mani. Ará Nìjẹ̀r ni, orílẹ̀-èdè tí ó bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà ní ìhà òkè. Obìnrin abúlé ni. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kì í ṣe ọmọ ìjòyè. Síbẹ̀ ó pe orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́jọ́, ó sì jàre.

Ní ọdún 1996, Hadijatou jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún 46 wá, ó sì rà á lọ́wọ́ olórí ẹ̀yà wọn. 240,000 séfà ni ó san. Ẹ kà á dáadáa o: a kò sọ pé ó san owó orí. Ó rà á ni, bí a ti ń ra màlúù lọ́jà.

Ní agbègbè wọn, ní ìhà Konni, tí kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní wahiya. Ọkùnrin ti ní ìyàwó mẹ́rin nílé, iye tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà á láàyè láti fẹ́. Yóò wá lọ ra ọmọbìnrin kan láti inú ìdílé ẹrú kún un. “Ìyàwó karùn-ún” ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyàwó. Kò sí ìdáná, kò sí yìgì, kò sí ẹbí tí ó wá tọrọ ọmọ. Iṣẹ́ ni wọ́n rà á fún. Yóò ṣe iṣẹ́ ilé, yóò ṣe iṣẹ́ oko, yóò máa sin àwọn ìyàwó ilé, bí baálé bá sì pè é lóru, kò gbọdọ̀ kọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Hadijatou ṣe gbé fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ọkùnrin náà fi ipá bá a lò. Ó bí ọmọ mẹ́rin fún un. Méjì kú, méjì yè.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ Kétu mọ ohun tí à ń pè ní ẹrú. Ní ọdún 1886 tí ogun Dàhòmì wọ Kétu tí wọ́n sì pa ìlú náà run, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ. Wọ́n ń sọ ìtàn náà fún ọmọdé títí di òní. A lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹrú. Ṣùgbọ́n ọdún 1996 kì í ṣe àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń ka ìwé yìí ti bí ọmọ nígbà náà.

Ní ọdún 2003, ìjọba Nìjẹ̀r ṣe òfin tuntun. Òfin náà sọ pé ọ̀daràn ni ẹni tí ó bá ní ẹrú, àti pé ó lè lọ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún mẹ́wàá títí dé ọgbọ̀n ọdún. Ẹgbẹ́ kan wà ní Nìjẹ̀r tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Timidria, tí ó ń bá oko ẹrú jà. Ohùn òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọkùnrin tí à ń wí yìí fún Hadijatou ní ìwé kan. Ìwé ìdásílẹ̀ ni. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dá a sílẹ̀ lóko ẹrú, pé láti ọjọ́ náà lọ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí i. Hadijatou fọwọ́ sí i. Olórí abúlé náà sì fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò padà wá. Bóyá ọkùnrin náà rò pé òun fi ìwé gba ara òun lọ́wọ́ òfin. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé “mo dá ẹrú mi sílẹ̀” ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ní ẹrú.

Nígbà tí Hadijatou sọ pé òun fẹ́ máa lọ, ọkùnrin náà kọ̀. Ó ní ìyàwó òun ni. Lánàá ẹrú, lónìí ìyàwó! Hadijatou wá dọ́gbọ́n. Ó ní ìyá òun ń ṣàìsàn, òun fẹ́ lọ wò ó. Ó lọ, kò sì padà mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2006, ó lọ sí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ní Konni. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, adájọ́ dá a láre. Adájọ́ ní kò sí ìgbéyàwó kankan láàárín wọn rí, nítorí pé kò sí owó orí, kò sì sí ètò ẹ̀sìn. Ó ní kí Hadijatou lọ máa gbé pẹ̀lú ẹni tí ó bá wù ú. Ìbá dára bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Ọkùnrin náà ní ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ yẹn yí ìdájọ́ padà. Ẹjọ́ náà wá dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Niamey. Ní òpin ọdún, àwọn yẹn fagi lé e nítorí pé wọn kò tẹ̀lé ètò ẹjọ́ dáadáa, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ tún un gbọ́. Ẹjọ́ ń lọ, ẹjọ́ ń bọ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, Hadijatou fẹ́ ọkọ tí ọkàn rẹ̀ yàn. Ọkùnrin tí ó rà á gbọ́, ó sì lọ fẹjọ́ sùn pé ìyàwó òun ti fẹ́ ọkọ méjì. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ ní Konni dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún Hadijatou, fún ọkọ rẹ̀ tuntun, àti fún arákùnrin rẹ̀. Wọ́n tún bu owó ìtanràn 50,000 séfà lé wọn lórí.

Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún ìpínrọ̀ yẹn kà. Ẹni tí wọ́n rà ni ó lọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tí ó rà á ni ó pe ẹjọ́. Gbogbo èyí sì ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ sọ pé ọ̀daràn ni ẹni tí ó ní ẹrú.

Hadijatou lo bí oṣù méjì lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó jẹ́ kí ó jáde. Ìgbà yẹn ni òun àti àwọn tí ń ràn án lọ́wọ́ wo ibòmíràn. Ilé ẹjọ́ CEDEAO ni wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò mọ CEDEAO, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni. Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Dàhòmì ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa nígbà náà. Ní òpin ọdún yẹn ni ó di Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀rọ̀ òwò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: kí ọjà lè kọjá ní ẹnubodè, kí ènìyàn lè rìn láti ìlú kan dé ìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ tí kò ní onílàjà kò lè pẹ́. Ní ọdún 1991 wọ́n fọwọ́ sí ìwé ilé ẹjọ́ kan, ilé ẹjọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001. Abuja ní Nàìjíríà ni ó wà.

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, mẹ̀kúnnù kò lè wọ ibẹ̀. Orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè pe orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́. Oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan ni ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan àwa gan-an. Ó ti bá ènìyàn kan ṣe àdéhùn láti ra ọjà ní Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ìfàngìn, ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá ní Ìlara, kò yẹ kí a máa ṣàlàyé fún yín ohun tí títi ẹnubodè ń ṣe sí oníṣòwò. Ọjà ọkùnrin náà kò lè kọjá. Ó wá lọ sí Abuja, ó pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ pé àdéhùn CEDEAO sọ pé kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ní ọdún 2004 àwọn adájọ́ dá a lóhùn pé àwọn kò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, nítorí pé ìwé tí ó dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀ kò fún ẹnì kan ṣoṣo ní àyè láti wá. Ó lọ lọ́wọ́ òfo.

Àbùkù náà hàn sí gbogbo ènìyàn. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé mìíràn tí ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí orílẹ̀-èdè kan nínú CEDEAO bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè lọ sí Abuja. Ohun méjì ni ìwé náà béèrè. Àkọ́kọ́, ẹni tí ó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ara rẹ̀. Wọn kì í gba ìwé tí kò ní orúkọ. Ìkejì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ kan náà wà níwájú ilé ẹjọ́ àgbáyé mìíràn. Bí ènìyàn ti kùnà lọ́wọ́ ìjọba Nàìjíríà ni ọ̀nà ṣe là fún ará Nìjẹ̀r.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ìkàwé bi wá pé: “Àjèjì wo ni yóò wá dájọ́ fún orílẹ̀-èdè tí ó ní ọba àti sójà?” Ìbéèrè gidi ni. Èsì rẹ̀ wà nínú àjọ tí ẹ ń dá. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ àjọ, tí ó gbọ́ òfin ẹgbẹ́, tí ó sì tẹ̀ka sí i, kò lè sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un pé owó òun ni, ilé òun ni. Òun ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe. Ní ọdún 1926, wọ́n kọ ìwé àdéhùn lórí oko ẹrú. Ní ọdún 1948, wọ́n kọ ìwé ńlá lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ọdún 1981, àwọn olórí Áfíríkà kọ ti Áfíríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1986. Ẹsẹ̀ karùn-ún ìwé Áfíríkà yìí sọ pé ènìyàn ní iyì, pé a kò gbọdọ̀ sọ ènìyàn di ẹrú. Nìjẹ̀r fọwọ́ sí i. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà fọwọ́ sí i. Àjèjì kọ́ ni ó wá fi òfin dè wọ́n.

Ìdí mìíràn tún wà. Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti lè mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìjọba lè dá ẹjọ́ ẹni méjì tí ń jà. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá wà lára àwọn tí ń jà, a nílò ẹlòmíràn tí yóò di ọ̀bẹ mú.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn adájọ́ CEDEAO kò fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, wọ́n kó ara wọn kúrò ní Abuja, wọ́n lọ jókòó ní Niamey, kí Hadijatou àti àwọn ẹlẹ́rìí má baà rìn jìnnà. Adájọ́ mẹ́ta ni. Obìnrin ni ẹni tí ó ṣe olórí wọn, Aminata Mallé Sanogo. Awa Nana Daboya, ọmọ Tógò, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti El Mansour Tall.

Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ fún Nìjẹ̀r kọ́kọ́ wí pé Hadijatou ti sáré jù. Wọ́n ní ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí nílé, kò sì yẹ kí ó ti gbé e jáde. Àwọn adájọ́ ní kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ìwé CEDEAO. Ènìyàn lè wá tààrà.

Wọ́n tún wí pé ìyàwó ọkùnrin náà ni Hadijatou, pé wọ́n jọ gbé, wọ́n jọ bímọ, pé dídùn àti kíkan wà nínú ilé wọn bí ó ti wà nínú ilé gbogbo tọkọtaya. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí àwọn adájọ́ wo ohun tí ó ń sọ ènìyàn di ẹrú. Wọ́n lọ sínú ìwé àdéhùn ọdún 1926. Ó wà níbẹ̀ pé ẹrú ni ẹni tí ẹlòmíràn ń lò bí ohun ìní rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ọwọ́ nìkan ni a fi ń mọ ẹrú, kì í sì í ṣe ìyà nìkan. Bí o bá bọ́ ẹrú yó, tí o wọ̀ ọ́ láṣọ, tí o fún un ní yàrá tí ó dára, ẹrú ṣì ni, níwọ̀n ìgbà tí kò bá lè jáde lọ nígbà tí ó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lẹ́yìn ogun Hitler ni àwọn adájọ́ ti sọ ọ́ ní Jámánì, ní ọdún 1947, nígbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ àwọn tí ó fi ipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún àwọn òyìnbó lọ́jọ́ náà ni ó wá gba ọmọbìnrin abúlé kan ní Nìjẹ̀r sílẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà.

Ìwé ìdásílẹ̀ náà tún jáde. Àwọn adájọ́ kà á. Bí Hadijatou kì í bá ṣe ẹrú, kí ni ọkùnrin náà dá sílẹ̀? Kò sí ẹlẹ́rìí tí ó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rìí lè gbàgbé, wọ́n lè dẹ́rù bà á, ó lè kú. Ìwé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè tí ó le jù. Ọkùnrin kan ni ó ra Hadijatou. Kí ni ó kan Nìjẹ̀r? Ìjọba kọ́ ni ó rà á. Àwọn adájọ́ dáhùn pé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè ni láti dáàbò bo ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀. Hadijatou tọ àwọn adájọ́ ilé lọ. Ilé ẹjọ́ ńlá ti Konni mọ̀ pé ẹrú ni wọ́n pè é. Dípò kí wọ́n sọ pé ọ̀ràn dídá ni èyí, kí wọ́n sì mú ẹni tí ó dá a, wọ́n kọ ọ́ pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà, ọkùnrin òmìnira lè fẹ́ obìnrin ẹrú bí kò bá ní agbára láti fẹ́ obìnrin òmìnira. Ẹni tí ó bá rí ọ̀ràn tí ó sì dákẹ́ ti gbà á mọ́ra. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r jẹ̀bi. Kì í ṣe nítorí ohun tí ó ṣe, bí kò ṣe nítorí ohun tí ó yẹ kí ó ṣe tí kò ṣe.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n ka ìdájọ́ náà ní Niamey. Wọ́n ní kí Nìjẹ̀r san 10,000,000 séfà fún Hadijatou.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí ó béèrè ni wọ́n fún un. Mílíọ̀nù àádọ́ta séfà ni ó béèrè. Ó ní kí wọ́n sọ pé orílẹ̀-èdè fi ojú obìnrin wò ó. Wọ́n ní ọkùnrin tí ó rà á ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ó ní kí wọ́n sọ pé ẹ̀wọ̀n tí òun lọ kò tọ́. Wọ́n ní adájọ́ ni ó fi ìwé àṣẹ rán an lọ, bóyá ìwé náà dára tàbí kò dára, kì í ṣe ìmúni láìsí àṣẹ. Ní tèmi, ibi yìí ni ìdájọ́ náà ti rọ̀ jù. Bí ènìyàn bá jẹ́ ẹrú, kì í ṣe ìyàwó. Bí kì í bá ṣe ìyàwó, kò fẹ́ ọkọ méjì. Kí ni ó wá lọ ṣe lẹ́wọ̀n? Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe adájọ́.

Nìjẹ̀r kò bá wọn jiyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2009 ó san owó náà. Ọdún yẹn ni wọ́n pe Hadijatou lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi oyè dá a lọ́lá pẹ̀lú àwọn obìnrin onígboyà láti orílẹ̀-èdè mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń san. A gbọ́dọ̀ sọ èyí fún yín kí ẹnikẹ́ni má baà ta ewúrẹ́ rẹ̀ fún owó ọkọ̀ Abuja láìronú. Ilé ẹjọ́ CEDEAO kò ní ọlọ́pàá, kò ní ẹ̀wọ̀n, kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ gba owó nílé ìjọba. Ìtìjú láàárín ẹgbẹ́ ni pàṣán rẹ̀. Orílẹ̀-èdè mìíràn a san, òmíràn a dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹjọ́ sì máa ń pẹ́. Àwọn ará Tógò tí ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 dúró títí di oṣù kẹfà ọdún 2020 kí ilé ẹjọ́ náà tó sọ pé Tógò jẹ̀bi, kí ó san mílíọ̀nù méjì séfà.

Nǹkan tún ti yí padà. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Nìjẹ̀r, Màlì àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú CEDEAO. Ilé tí Hadijatou sá wọ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Nàìjíríà ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ilẹ̀kùn Abuja ṣì ṣí fún wa.

Ilé ẹjọ́ mìíràn tún wà fún gbogbo Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní Arusha ní ilẹ̀ Tàǹsáníà. Adájọ́ mọ́kànlá ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèkàn kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: mẹ̀kúnnù kò lè wọ ibẹ̀ tààrà àfi bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá ti kọ ìwé pé òun gbà. Bẹ̀nẹ̀ kọ ìwé náà ní ọdún 2016. Ní ọdún 2020, ó mú un padà. Láti ọdún 2021, ará Bẹ̀nẹ̀ kò lè gbé ẹjọ́ tuntun lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, ó lè fi ọwọ́ òsì gbà á; ó yẹ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nílé ńkọ́? Àwọn tí ó kọ òfin ńlá Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1990 ṣe ohun kan tí ó dára. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹsẹ̀ keje pé gbogbo ẹ̀tọ́ tí ó wà nínú ìwé Áfíríkà ti ọdún 1981 jẹ́ ara òfin ńlá náà. Nítorí náà, ẹsẹ̀ karùn-ún tí ó gba Hadijatou sílẹ̀, òfin ilé wa ni. Ilé ẹjọ́ tí ó ń ṣọ́ òfin ńlá yìí wà ní Kútọnu, wọ́n ń pè é ní Cour constitutionnelle. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lè fi lẹ́tà lásán pẹjọ́ níbẹ̀. Kò dìgbà tí ó bá di ọ̀mọ̀wé.

Kí lẹ́tà náà tó lè dúró, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ ní kíkún, ibi tí ó ń gbé gan-an, àti ìfọwọ́sí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ọjọ́ wo, ibo, ta ni, kí ni wọ́n ṣe. Bí ìwé kankan bá wà lórí ọ̀rọ̀ náà, kí ó so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì tọ́jú ojúlówó rẹ̀ sílé.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí fún gbogbo kíláàsì nìyí: kí olúkúlùkù mú ìwé àjákọ rẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kí ó kọ orúkọ abúlé rẹ̀ àti ti kọ́múùnù rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ òní, oṣù òní àti ọdún òní, kí ó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ wò ó ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.